Bàbá Ámósì àti Orí Bọ̀dá Dàpọ̀

Gáréèjì ni àgbàlá wa. Bí wọ́n bá bi mí níbi tí mo dàgbà sí, Ellenwood, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni mo máa ń sọ, ṣùgbọ́n inú gáréèjì kan ní Ellenwood gan-an ni mo dàgbà sí, nítorí pé Màmá Ìkìrun, ìyá tó bí bàbá mi, kọ̀ jálẹ̀ láti máa jókòó sínú ilé tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó ti Nàìjíríà dé tó fi ní kí Dádì máa gbé mọ́tò síta, kí wọ́n gbé àga àti tábìlì kékeré wá, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ńlá yẹn sílẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn alákòóso àdúgbò kọ lẹ́tà sí wa lẹ́ẹ̀mejì pé ilẹ̀kùn gáréèjì kì í wà ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀. Dádì ka lẹ́tà náà fún un. Màmá ní kó bá òun bi wọ́n bóyá ilé wọn ni àbí ilé ọmọ òun. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Etí ni mo fi ń rántí ọdún yẹn kí n tó fojú rí i. Màá kọ́kọ́ gbọ́ ìgbálẹ̀ Màmá lórí símẹ́ńtì ní kùtùkùtù, ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tó dì sínú báàgì láti Ìkìrun bí ẹni pé Amẹ́ríkà kò ní nǹkan tí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àdúrà rẹ̀, tó ń dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tí yóò pẹ́ lórí tirẹ̀ dáadáa kó tó kàn mí. Bí àwa bá ń mu ògì lọ́wọ́ ni mọ́tò Mọ́mì máa ń wọlé láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Á bọ́ bàtà funfun rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á bi wá bóyá a ti ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, kò ní gbọ́ èsì tán kó tó gòkè lọ sùn. Òfin tó le jù nílé wa nìyẹn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí Mọ́mì. Ilé lè jó, kó jó jẹ́jẹ́. Dádì ní tirẹ̀ kì í sí nílé lójú ọjọ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Norcross ló ti jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń di ẹrù, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà sì máa ń gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́. Tó bá dé, ó máa ń jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọlé wá bá wa. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé rédíò ló ń gbọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, Bọ̀dá Dàpọ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Iṣẹ́ tèmi lẹ́yìn ilé ìwé ni kí n jókòó ti Màmá, kí n bá a ṣa ẹ̀wà, kí n bá a ká aṣọ tó ti inú ẹ̀rọ jáde, kí n sì máa bá a gbọ́ òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò ju “thank you” àti “God bless” lọ, ó sì máa ń sọ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, ẹni tó bá pe fóònù, èmi ni mo ń gbọ́, èmi ni mo ń sọ. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọmọdé tí àgbàlagbà méjì ń wò lẹ́nu, kí ló tún kù tó ń wá? Màmá mọ̀ pé ó ń gùn mí. Á fa etí mi, á ní, “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o sọ. Má fi iyọ̀ sí i.” Mo máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹni tí mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni bàbá arúgbó tó ń gbé ilé kejì sí wa. Amos lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí Màmá gbọ́ ọ, ó ní wòlíì inú Bíbélì nìyẹn, ló bá di Bàbá Ámósì. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ó ga, ó fẹ̀ léjìká, orúnkún rẹ̀ kan kò ká mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ló ń wá wò ó lọ́jọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ tí òun àti Màmá kọ́kọ́ mọra, ó gbé ìkòkò kékeré kan la orí koríko kọjá wá, ó ṣí i, ẹ̀pà sísè ló wà nínú rẹ̀, tèèpo-tèèpo, pẹ̀lú omi iyọ̀. Màmá wo ẹ̀pà, ó wo ojú bàbá náà. Ó ní, “Tinú, bá mi bi wọ́n léèrè, ta ló kọ́ wọn ní oúnjẹ wa?” Mo bi í. Bàbá Ámósì rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ fún ìyá àgbà pé oúnjẹ ìlú òun ni. Àwọn méjèèjì kò gbà fún ara wọn títí dọjọ́ tí Màmá padà sí Ìkìrun pátápátá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí aago mẹ́ta bá ti lù, àga kejì ti wà ní gáréèjì, abọ́ èèpo ẹ̀pà á sì wà láàárín wọn.

Nídìí abọ́ yẹn ni mo ti gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀, ní díẹ̀díẹ̀. Ìlú kékeré kan ní gúúsù Georgia ni wọ́n ti bí i, ìlú tí ọkọ̀ ojú irin kì í dúró sí àfi tó bá fẹ́ kó ẹ̀pà. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko, ìdajì ohun tó bá kórè sì ni ti onílẹ̀. Ilé ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kò ní pápá. Ibi tí wọ́n ti ń sá ẹ̀pà ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni o, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n ń kọlu ara wọn nítorí rẹ̀, tí Màmá ń pè ní ìjàkadì. Akoto mẹ́fà péré ni gbogbo ẹgbẹ́ náà ní, awọ ni wọ́n fi ṣe é, àlòkù ilé ìwé àwọn aláwọ̀ funfun sì ni. Mo bi í pé kí ni àwọn tó kù ń dé. Ó fọwọ́ pa orí pípá rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Clifford, ni bọ́ọ̀lù gbé jáde nílùú yẹn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan. Lẹ́yìn ìyẹn, òun nìkan lọ sí apá àríwá, síbi tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń sanwó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́. Bí àwọn yòókù bá wọ òtẹ́ẹ̀lì, wọn kì í gbà kó wọ̀ ọ́. Ilé pásítọ̀ kan tàbí òmíràn ni yóò sùn, á wá bá wọn lórí pápá lọ́jọ́ kejì. Ọdún méjì péré ló ṣe. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó padà sí Georgia, ó sì ń pín lẹ́tà kiri Atlanta títí ó fi fẹ̀yìn tì. Màmá á ní, “Sọ fún wọn pé wọ́n kú ìrọ́jú.” Mi ò mọ òyìnbó tí wọ́n ń fi kí èèyàn kú ìrọ́jú. Mo kàn máa ń sọ pé ó ní pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ Clifford ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín jù: bí Clifford ṣe jí ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀gá ilé ìwé, bí kò ṣe mọ ijó jó síbẹ̀ tó ń jó. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ibi tí Clifford parí sí rí. Bí ìtàn bá ti dé inú bọ́ọ̀sì kan báyìí, Bàbá Ámósì á na ọwọ́ sí ẹ̀pà, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn.

Bọ̀dá Dàpọ̀ náà ń gbá bọ́ọ̀lù yìí nílé ìwé wọn. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Dádì fárígá. Ó ní òun kò gbé ọmọ wá sí Amẹ́ríkà kí wọ́n máa fi í ṣe àgbò tó ń forí kan orí. Ọjọ́ tí kóòṣì wọn wá jókòó sórí àga wa, tó pe sikọ́láṣíìpù, ni ojú Dádì yí padà. Kóòṣì ní àwọn ará yunifásítì kan ń bọ̀ wá wo Dàpọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan lóṣù September, tó bá sì fi lè ṣe bó ṣe ń ṣe, wọ́n á mú un, kò ní san kọ́bọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Dádì dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà. Pásítọ̀ pe Bọ̀dá Dàpọ̀ síwájú, gbogbo ìjọ nawọ́ sí i. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi níbi tó kúnlẹ̀ sí. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo gbààwẹ̀ ọjọ́ kan fún un, mo sì jẹ bisikíìtì ní agogo méjìlá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé pàǹtí lọ sẹ́yìn ilé, mo sì bá Bọ̀dá Dàpọ̀ níbi tó lóṣòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìdọ̀tí, ó ń bì. Ètè rẹ̀ ti funfun.

“Bọ̀dá Dàpọ̀, kí ló ṣe yín? Are you okay?”

“Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣé Mọ́mì ti jí?”

“Rárá.”

“Èmi àti Marcus forí gbára wa ní practice. It was hard. Mi ò tiẹ̀ rántí bí mo ṣe délé.” Ó di ọwọ́ mi mú. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni, Tinú. Kóòṣì ò mọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n play lọ́jọ́ Friday.”

“Tó bá ń dùn yín ńkọ́?”

“Friday nìkan ni. Lẹ́yìn Friday, sọ fún gbogbo ayé. Búra fún mi. Fi Màmá búra.”

Mo fi Màmá búra. Ẹni tí kò bá dàgbà nínú ilé bíi tiwa lè rò pé eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá já lẹ́nu mi, Màmá á kú, èmi ni mo sì pa á.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, Bọ̀dá Dàpọ̀ kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó ní iná ń dun òun lójú, oúnjẹ ń rùn sí òun. Mọ́mì jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Nígbà ọlidé, gbogbo wa ti bá Màmá lọ sí Ìkìrun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀fọn sì fi wá jẹun. Mọ́mì sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀: “Ibà ni. Àbí mi ò sọ fún ẹ pé kó o máa wọ sọ́ọ̀sì?” Ó ki témómítà sí i lẹ́nu, kò gbóná. Ó ní, “Ibà abẹ́nú ni. Kò tíì jáde síta.” Ó lọ gbé agolo mílíìkì tó kó oògùn ibà sí láti Ìkìrun, torí ó gbà pé àwọn dókítà Atlanta kò mọ ibà, kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tán, ó ti gbé èèyàn lọ. Màmá náà se ewé kíkan kan tó gbé wá, ó ní kó mu ún gbígbóná. Bọ̀dá Dàpọ̀ gbé e mì, ó tún dúpẹ́. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń wò ó bó ṣe ń mu oògùn àìsàn tí kò ṣe é, ó sì ń wò mí lókè ife.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mo sì ti bínú sí Mọ́mì nítorí rẹ̀ nígbà kan, mi ò bínú mọ́. Ká ní àjèjì ni wọ́n gbé wá síwájú rẹ̀ níbi iṣẹ́, ohun tí ì bá kọ́kọ́ bi í ni bóyá nǹkan gbá a lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ tirẹ̀ nìyí, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ gbé lọ síbi tí ẹ̀fọn wà. Orí fífọ́, èébì, àárẹ̀, ojú tó ń dunni: gbogbo wa nílé yẹn la mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́bọ̀ ó dìde, ó lọ sílé ìwé, gbogbo ilé ní oògùn ti ṣiṣẹ́. Nígbà tó ń ti ibi tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé já a sí bọ̀, Bàbá Ámósì ju bọ́ọ̀lù sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọwọ́ Bọ̀dá Dàpọ̀ dìde lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti bà á láyà. Bàbá Ámósì bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní ibà ni. Bàbá náà bi mí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà ni. Ó tún yíjú sí Bọ̀dá Dàpọ̀, ó ní ẹgbẹ́ wo ni wọ́n bá gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. Bàbá Ámósì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó lọ bá kóòṣì, kó sọ fún un. Bọ̀dá Dàpọ̀ ní òun ti sọ. Bàbá náà padà sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà láì jẹ ẹ̀pà kan.

Ọjọ́ Ẹtì. Aago márùn-ún ni Marcus, tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, máa wá fi mọ́tò gbé e. Dádì máa gba Norcross lọ sí pápá tààrà. Mọ́mì ń sùn lókè, a máa jí i ní aago mẹ́fà. Màmá wà ní gáréèjì, ó ń bó ẹ̀pà sínú abọ́ kan tó fẹ́ kí Bọ̀dá Dàpọ̀ gbé dání lọ. Èmi jókòó sórí ìdérí ike omi. Bàbá Ámósì wọlé wá, kò jókòó. Ó bi mí bóyá ìyá mi wà. Mo ní ó ń sùn, a kì í jí i. Ó ní, “Ó dáa. Sọ fún ìyá àgbà pé kì í ṣe àìsàn ẹ̀fọn. Wọ́n gbá ọmọ yẹn lórí. Sọ fún un pé tó bá bọ́ sórí pápá lónìí, tí wọ́n sì tún gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè má dìde.”

Màmá gbójú sókè. “Kí ni wọ́n wí?”

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bọ̀dá Dàpọ̀ lórí wa, ó ń kó nǹkan sí báàgì. “Wọ́n ní wọ́n ń pray fún Bọ̀dá Dàpọ̀,” mo ní. “Wọ́n ní team wọn máa win.”

“Àmín o! Àmín. God bless, thank you.” Màmá fa àga fún un, ó gbé abọ́ ẹ̀pà sí i níwájú, inú rẹ̀ ń dùn.

Bàbá Ámósì wo abọ́ náà. Ó wo ẹ̀rín ẹnu Màmá. Lẹ́yìn náà ló wò mí, kò sì gbé ojú kúrò lára mi mọ́. Kò jágbe mọ́ mi, ká ní ó jágbe ni ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá èmi nìkan sọ̀rọ̀. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbá Clifford lórí níbi ìdánrawò. Clifford sọ fún òun nìkan, ó ní kí òun má sọ fún kóòṣì, torí pé ìdíje tó tóbi jù lọ́dún ni tọjọ́ Sátidé. Òun kò sọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnikẹ́ni kò gbá Clifford gidi. Ó ní bí ìgbà tí èèyàn bá fi èjìká kan ẹni lọ́jà ni. Ó rìn kúrò lórí pápá fúnra rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó ní oorun ń kun òun.

“Mo jẹ́ kó gbé orí lé mi léjìká,” ó ní. “Ó wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì kí n tó mọ̀ pé ó ti kú. Èmi ni mo bá wọn gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi mí bóyá mo mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Mo ní mi ò mọ̀.” Ó nu ẹnu. “Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí. Ó yá, ọmọ. Sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ kó o sọ ọ́.”

Mo bú sẹ́kún. Màmá di apá mi mú. “Tinú, kí ni wọ́n wí tó ò ń sunkún?”

“Mi ò lè sọ ọ́. Ẹ máa kú.”

“Kí ló máa pa mí?”

“Mo fi yín búra!” Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣe é dá dúró mọ́. Mo sọ èébì, mo sọ Marcus, mo sọ pé kì í ṣe ibà, mo sọ Clifford àti bọ́ọ̀sì, mo sọ ọ́ láì fi iyọ̀ sí i. Mo ń sọ ọ́, mo ń wo àyà Màmá bóyá ó ṣì ń mí.

Màmá gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró rẹ̀. “Ta ni kò ní kú?” ó ní. “Màá kú. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní ṣáájú mi.”

Ìgbà náà ni Bọ̀dá Dàpọ̀ jáde pẹ̀lú báàgì léjìká. Fèrè mọ́tò Marcus dún níta.

“Dàpọ̀, gbé báàgì yẹn sílẹ̀,” Màmá ní.

“Màmá, mo ti late.”

“Wọ́n gbá ọ lórí?”

Ó wò mí. Mi ò lè gbàgbé ìwò yẹn. “Ibà ni, Màmá, mo ti lo oògùn. Tinú ń parọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.”

Bàbá Ámósì dìde, ó fi ara dí ọ̀nà, ó ní kí ọmọ náà gbọ́ tòun. Bọ̀dá Dàpọ̀ ní, “Excuse me, sir,” ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Fèrè tún dún. Ó ti dé ibi tí òjìji ilé parí sí nígbà tí Màmá pe orúkọ rẹ̀ ní gbogbo rẹ̀, Ọládàpọ̀, pẹ̀lú oríkì. Ó bojú wẹ̀yìn. Màmá ti tú gèlè orí rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ó sì ń sọ orúnkún kalẹ̀.

“Èmi tí mo bí bàbá rẹ, mo kúnlẹ̀ fún ọ. Mo ní kó o má lọ. Mo kúnlẹ̀, Dàpọ̀.”

“Màmá, ẹ má ṣe é!” Báàgì já bọ́. Ó sáré padà wá, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ kí orúnkún náà tó kan ilẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Màmá, ẹ jọ̀ọ́!” Ó ń sunkún, ọmọkùnrin gàgàrà bẹ́ẹ̀. Màmá kò dìde, kò sì kúnlẹ̀ tán. Ó gbé gbogbo ara lé e lọ́wọ́ títí Marcus fi fun fèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó sì wa mọ́tò lọ.

Aago mẹ́fà kọjá, kò sẹ́ni tó rántí láti jí Mọ́mì. Dádì pe fóònù láti pápá, èmi ni mo gbé e, mo ní orí ń fọ́ Bọ̀dá Dàpọ̀, kò ní lè wá. Mo gbé etí kúrò níbẹ̀ nítorí ariwo. Kò pẹ́ tó fi já wọlé, kò pa mọ́tò. “Nítorí orí fífọ́! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Àwọn ará yunifásítì ti jókòó, wọ́n ń bi mí pé ọmọ mi dà. Dàpọ̀, wọ mọ́tò!” Bọ̀dá Dàpọ̀ dìde. Ẹ̀rù bà mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí bí Dádì bá sọ̀rọ̀, ó tán nìyẹn. Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀, Dádì ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun tọ́ ọmọ òun. Ariwo yẹn ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tó ṣe: Mọ́mì jí. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ ìsùn. “Ta ni wọ́n gbá lórí?” ó ní.

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó mú tọ́ọ̀ṣì nínú dúrọ́ọ̀ ìdáná, ó fi ọwọ́ kan gbá àgbọ̀n Bọ̀dá Dàpọ̀ mú, ó tan iná sí ojú rẹ̀ kan, ó tan án sí èkejì. Ó tún tan án. Mo wà lábẹ́ apá rẹ̀, mo sì rí i: ọmọ ojú kan kéré sí iná, èkejì dúró ní títóbi, kò mọ̀ pé iná wà níbẹ̀. Mọ́mì tún tan án lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni pé ó fẹ́ kó yí ọ̀rọ̀ padà. “Bàbá Dàpọ̀,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, “ṣé ẹ kò tíì pa mọ́tò? Ọsibítù.”

Ẹ̀jẹ̀ ló ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ agbárí rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lálẹ́ yẹn. Dókítà ní kò sí bọ́ọ̀lù mọ́ láyé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó bọ́ sórí pápá, Dádì na ọwọ́, ó ní kó dákẹ́. Nígbà tí Bọ̀dá Dàpọ̀ lajú dáadáa, tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo rò pé á dì mọ́ mi. Ó ní, “Ìwọ lo bà á jẹ́ fún mi,” ó kọjú sí ògiri. Mọ́mì kò fọwọ́ kan agolo mílíìkì yẹn mọ́. Màmá ló dà á nù. Marcus ni yunifásítì yẹn mú.

Màmá gbé ọdún mẹ́sàn-án sí i lẹ́yìn ìbúra mi, ó sì kú lójú oorun ní Ìkìrun, síbẹ̀ àyà mi já nígbà tí wọ́n pè wá. Ti Bàbá Ámósì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì, ó ti ń gbàgbé orúkọ mi. Ó yá, ó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, ohun kan náà ló ń bi mí: ọmọ yẹn, ṣé ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn? Màá ní rárá, sir. Á ní ó dáa. Láàárín wákàtí kan, á bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, màá sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lé lógójì ọdún báyìí. Ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó ní ilé ní Morrow, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Ọjọ́ Thanksgiving tó kọjá, àjọ̀dún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, gbogbo wa wà nílé rẹ̀, bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé abọ́ ìrẹsì lé itan, ó tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré, ó sọ lójú ìyàwó àti ọmọ pé, “Ká ní Tinú pa ẹnu ẹ̀ mọ́ ni, èmi ni ẹ̀ bá máa wò yìí.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún. Mọ́mì, tó ti darúgbó, tó jókòó tì mí, gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún.

“Má dá a lóhùn,” ó ní. “Wò ó bó ṣe ń jẹun.”

Mo wò ó. Ó bu ìrẹsì, ó bu ẹran, ó tún ní kí wọ́n bù sí i fún òun, mo sì ń wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.